Ọkọ̀ Bàbá Wa: Kí Ni À Ń Tún Ṣe Nígbà Tí A Bá Ń Tún Nǹkan Àtijọ́ Ṣe?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Sókótó àti agbègbè rẹ̀, ẹni tó bá ti gbé Sókótó yìí nínú oṣù kẹrin ọdún ni ó mọ ohun tí à ń pè ní oòrùn. Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìrántí wa ní kí a kọ ohun kan tí yóò ṣe ẹbí láǹfààní, ohun tó sọ sí wa lọ́kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Land Rover àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí kò jìnnà sí Babbar Kasuwa, ọjà ńlá tí gbogbo wa ń ná. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti bi wá pé kí ló ṣe akọ̀wé ìjọba tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, tó fi ń lo ọjọ́ Sátidé rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, tí gíríìsì á wá bo gbogbo apá rẹ̀.

Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n kò ṣeé sọ tán lójú ọ̀nà. Ìgbà mẹ́ta ni iṣẹ́ ọkọ̀ yìí gbé wa dé ibi tí sípánà kò ti wúlò mọ́, tó jẹ́ pé làákàyè àti ẹ̀rí ọkàn ni a ní láti fi ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kan náà ló sì ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: bí a bá ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni nǹkan ọ̀hún kì í ṣe ara rẹ̀ mọ́? Ìbéèrè yìí kan ọkọ̀. Ó sì kan àwa tí a kúrò nílé, tí a bí ọmọ sí ìdálẹ̀.

BÍ ỌKỌ̀ NÁÀ ṢE DÉ ỌWỌ́ WA

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa. Bíi ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìlú rẹ̀ nígbà náà, Gáná ló ti ń ṣòwò, ní Tamale, ibẹ̀ ni a sì bí àwa tí à ń kọ ìwé yìí sí ní 1967. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó fi ìlú sílẹ̀. Ọjọ́ 14 péré. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè fi gbèsè sílẹ̀. Bàbá wa gbé ìyàwó, ọmọ àti ẹrù díẹ̀ sínú ọkọ̀ akérò, ó sì padà sílé bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó tún di àpò rẹ̀, ó gba ọ̀nà àríwá, ó sì dé Sókótó. Ọjà ló ń tà títí ó fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1987, iléeṣẹ́ kan lu àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó ní gbàǹjo, bàbá wa sì ra Land Rover kan níbẹ̀. 1967 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, ọdún tí wọ́n bí wa gan-an, nítorí náà ẹgbẹ́ wa ni. Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá ṣe ni pé ó pe ayàwòrán, ó ní kó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní ọ̀dà funfun gàdàgbà: ÀJÒ Ò DÙN.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa tó wà láyé yóò rántí iṣẹ́ tí ọkọ̀ yẹn ṣe. Ó kó ẹrù ọjà, ó kó àga lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó gbé ìyàwó. Bí ẹnì kan bá sì papòdà nínú wa, tí àwọn ẹbí sì fẹ́ kí wọ́n sin ín sílé, ọkọ̀ yìí ló máa ń gbé e gba Jega, Yauri, Kontagora, Mokwa àti Jẹ́bà títí dé Ìlọrin, àti síwájú. Bí a bá bi bàbá pé kí ló dé tí kò ta ọkọ̀ yìí kó ra èyí tó tutù lára, á ní, “Ẹni tí wọ́n ti fún ní ọjọ́ 14 rí, kì í sùn kó má mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ wà.”

Bàbá kú ní 2001. Ọkọ̀ náà dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn ilé. Adìyẹ yé sínú rẹ̀. Omi ìwẹ̀ tó ń ṣàn jáde láti balùwẹ̀ ń gba abẹ́ ìdí rẹ̀ kọjá, a kò sì kíyè sí i. Ọdún 18 ló fi dúró bẹ́ẹ̀.

IRÚ ỌKỌ̀ TÓ JẸ́

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ọkọ̀ náà fún àwọn ọ̀dọ́. Ilé iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Maurice Wilks tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹnjiníà níbẹ̀ ló ronú rẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì kọ́kọ́ fi í han aráyé ní Amsterdam ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948. Irin kò tó nígbà náà, ìjọba ló ń pín in. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi alumíníọ́mù ṣe ara rẹ̀, tí wọ́n sì fi irin ṣe ṣáṣí tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Àgbẹ̀ ni wọ́n rò pé yóò rà á, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá, ológun, dókítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri ayé ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Lọ́dọ̀ wa níbí, ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó to irú ọkọ̀ yìí pọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016 ni èyí tó kẹ́yìn nínú ìran náà jáde ní Solihull.

Ti bàbá wa jẹ́ Series IIA, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1961 sí 1971. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ara wọn láàárín bí ojú òwìwí. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù oní-sìlíńdà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Ohun tó bá ṣe é, ẹni tó ní sùúrù lè fojú rí i, kó sì fọwọ́ kàn án.

IṢẸ́ BẸ̀RẸ̀

Ní 2019 ni àwa àti ọmọ wa ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A fi páànù ṣe ìbòrí sábẹ́ dóńgóyárò, a ra tábìlì kan àti irin ìdìmú, a sì sọ ibẹ̀ di ilé iṣẹ́. Díplọ́mà tí a gbà ní politẹ́kíníkì kì í ṣe ti mẹkáníìkì, ti ìṣirò owó ni. Ìdí nìyí tí a fi ra ìwé ẹlẹ́wé 60 kan. Ohun kí ohun tí a bá tú, a ó kọ ọ́. Ohun tí a bá pààrọ̀, a ó kọ ọjọ́, a ó kọ ibi tí a ti rà á àti ìdí tí a fi pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ló kọ́ wa pé ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀.

Ilé iṣẹ́ yẹn kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí ọ́fíìsì kò kọ́ wa. Ní ìhà ìsàlẹ̀, ní Èkó, ọ̀tá ọkọ̀ ni omi. Ní Sókótó, oòrùn àti eruku ni. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo rọ́bà rẹ̀, wọ́n ń fọ́ lọ́wọ́ wa bí àkàrà tó sun kókó. Alumíníọ́mù ara rẹ̀ kò dípẹtà, ṣùgbọ́n níbi tí bọ́ọ̀tì irin ti kan án tí ọ̀rinrin sì dé ibẹ̀, ó ti jẹrà di ìyẹ̀fun funfun, nítorí pé irin méjì tí kì í ṣe ẹ̀yà kan náà kì í gbé nínú omi kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan jẹ èkejì. Àwọn bọ́ọ̀tì tó ti lẹ̀ pọ̀, bí a bá fi agbára yí wọn, orí wọn á ké. A kọ́ láti fi kẹrosíìnì àti ọ́ìlì rẹ wọ́n, kí a fi òòlù gbá wọn jẹ́jẹ́, kí a padà wá lọ́jọ́ kejì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń le koko.

Nígbà tí iná jó Babbar Kasuwa nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, iṣẹ́ dúró. Àwọn ènìyàn wa tí iná jó ọjà wọn kò ṣeé fi ojú fo. Owó tí a tọ́jú láti fi ra táyà bá ibòmíràn lọ, ó sì tó ọdún kan gbáko kí a tó tún sọ̀rọ̀ ọkọ̀. A kò kábàámọ̀ rẹ̀. Bí bàbá bá wà láyé, ohun tí òun náà yóò ṣe nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ KÌN-ÍN-NÍ: ÈWO NI TI ÀTIJỌ́?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ jáde láti ẹnu ọmọ wa. Ó ti kàwé nípa Land Rover ju àwa lọ. Ó rí i pé nọ́ńbà ṣáṣí ọkọ̀ náà fi hàn pé ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló wà báyìí. Ó ní, “Dádì, bí ẹ bá fẹ́ kí a tún un ṣe bó ṣe wà, ẹ jẹ́ kí a dá sítíárì padà sọ́wọ́ ọ̀tún.”

A ní kó jókòó, a sì sọ ìtàn fún un. Títí di 1972, ọwọ́ òsì títì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba Ọ̀gágun Gowon yí i padà, gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, bí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká ti ń ṣe. Lẹ́yìn ìgbà náà ni iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ yìí gbé sítíárì rẹ̀ sí òsì. Àwọn tó ṣe Land Rover ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ayé ni wọ́n ń tà á fún, nítorí náà irin ìdábùú tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti àwakọ̀ ní àyè sítíárì ní ọ̀tún àti ní òsì.

Ọmọ wa ní, “Ó dáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni ti àtijọ́.” A ní, àtijọ́ ti ta ni? Ti àwọn tó ṣe é ní Solihull ni tàbí ti bàbá bàbá rẹ? Bàbá kò jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún nínú ọkọ̀ yìí rí. Bí a bá dá a padà sí 1967, a ó ti pa ọdún 1972 rẹ́ kúrò nínú ìgbé ayé ọkọ̀ náà, a ó sì ti pa Nàìjíríà rẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n àwa tí a borí nínú àríyànjiyàn ni ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí a sùn. Ìgbà mélòó ni àwa òbí kì í sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n ṣe bí ọmọ Yorùbá gidi, tó sì jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ 1969 tàbí Ọ̀fà 1975 tí a gbé kúrò ni a ní lọ́kàn? Ìlú ọ̀hún gan-an kò dúró dè wá. Ẹni tó bá padà sílé lónìí yóò rí i pé àwọn tó wà níbẹ̀ ti yí sítíárì tiwọn náà padà.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: ÈÉLÒÓ NI A LÈ PÀÀRỌ̀?

Ìbéèrè kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí ṣáṣí, a rí ohun tí omi ìwẹ̀ ti ṣe. Láti àárín dé ẹ̀yìn, ṣáṣí ti jẹrà. Èèyàn lè fi ìka dá a lu. Iwájú nìkan ló le, níbi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí.

Ẹnì kan tó ń ta àlòkù gbà wá nímọ̀ràn. Ó ní òun ní ṣáṣí mìíràn tó dára, kò sì ní ìwé. Kí a gé ibi tí nọ́ńbà wà lára tiwa, kí a jó o mọ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó rọrùn ju kí a máa pa ìdajì irin jíjẹrà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ pé a rò ó. Alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni a fi rò ó. Nínú ìrònú yẹn ni a rántí ìtàn kan tí a kà nígbà tí a wà nílé ìwé. Plutarch, akọ̀wé àwọn Gíríìkì, sọ pé àwọn ará Athens tọ́jú ọkọ̀ ojú omi akọni wọn kan tó ń jẹ́ Theseus. Bí pákó kan bá jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i, títí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn pé ṣé ọkọ̀ kan náà ni àbí òmíràn. Ní nǹkan bí 1,500 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Thomas Hobbes, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi kún un: bí ẹnì kan bá ń ṣa àwọn pákó tí wọ́n yọ jọ, tó sì fi wọ́n kan ọkọ̀ mìíràn, nínú méjèèjì, èwo ni ti Theseus?

Àwọn baba wa ti dá ìdájọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ wo aṣọ egúngún ìdílé. Ọdọọdún ni wọ́n lè máa rán aṣọ tuntun mọ́ ọn, èyí tó gbó á já, òmíràn á bò ó. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé egúngún bàbá òun ti kú torí pé aṣọ rẹ̀ yí padà. Ẹ wo Ọ̀yọ́ pẹ̀lú. Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí 1835, Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Kò sí ògiri kan tó bá wọn lọ, ilẹ̀ náà kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, Aláàfin sì ni ọba rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta ní 1830, wọ́n sì sọ àdúgbò tuntun wọn ní Aké àti Gbágùrá bí ti ibi tí wọ́n ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó purọ́. Ọ̀yọ́ tuntun kò sọ pé òun ni Ọ̀yọ́ Ilé tí kò tú rí. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọba, wọ́n ń sọ ogun tó lé wọn, wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n gbà. Ìtàn náà kò já. Ohun tí oníṣòwò àlòkù yẹn fi lọ̀ wá yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Nọ́ńbà wa lórí ṣáṣí ẹlòmíràn, irọ́ ni. A kò mọ ẹni tó ni ṣáṣí yẹn tẹ́lẹ̀, a kò mọ̀ bóyá wọ́n jí i ni, bóyá ẹnì kan ń sunkún rẹ̀ níbì kan. Ọ̀nà kan náà ni àwọn olè ọkọ̀ ń gbà. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Wẹ́dà tó bá wa ṣe é, ọmọ Sókótó ni, àgbàlagbà, ẹni jẹ́jẹ́. Nígbà tí a ní kó fi ojúlówó irin tuntun ṣe ẹ̀yìn ṣáṣí, kó sì fi iwájú àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, a bi í bóyá a kò ti ba ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ báyìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Yallabai, ògiri amọ̀ tí wọn kì í rẹ́ lẹ́yìn òjò, kì í ṣe ògiri àtijọ́. Àlàpà ni.” Gbogbo ohun tí Plutarch àti Hobbes kọ, ọkùnrin yìí fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ dáhùn rẹ̀ nídìí iná wẹ́dà.

A kọ ọ́ sínú ìwé ẹlẹ́wé 60: ẹ̀yìn ṣáṣí, irin tuntun, ọjọ́ báyìí, wẹ́dà báyìí.

OHUN TÍ ÒTÍTỌ́ NÁ WA

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀fẹ́ ni òtítọ́. Nígbà tí ọkọ̀ náà ti ń dìde, ẹnì kan láti Abuja tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì wá. Owó tó dárúkọ tó láti san owó ilé ìwé ọmọ wa obìnrin ní yunifásítì fún ọdún méjì. Ó béèrè pé ṣé ṣáṣí rẹ̀ ni èyí, tí wọn kò fọwọ́ kàn. A gbé ìwé ẹlẹ́wé 60 fún un. Ó kà á, ó dá a padà, ó sì gé owó náà sí ìdajì. A kò tà á. Ìyàwó wa kò bá wa sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, a kò sì lè dá a lẹ́bi, nítorí òun náà mọ iye tí yunifásítì béèrè. Títí di òní, a kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ó yẹ kí a kọ̀ láti gba ìdajì yẹn. Pé kò yẹ kí a fi ìwé náà pamọ́, ìyẹn dá wa lójú.

Àwọn tó ṣe Land Rover pàápàá dé oríta yìí. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, wọ́n kéde pé ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi hàn ní Amsterdam ní 1948 ti di rírí nínú ọgbà ilé kan nítòsí Solihull, wọ́n sì ní àwọn yóò tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn yóò dá àpá ọjọ́ ogbó tó wà lára rẹ̀ sí. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ Oxford. Ní oṣù kẹsàn-án 1955, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gbé òun àti ìkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Cambridge kúrò ní London, wọ́n sì dé Singapore ní oṣù kẹta 1956. Lẹ́yìn náà Oxford di ohun ìgbàgbé ní erékùṣù St Helena. Wọ́n gbé e padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017, wọ́n tún un ṣe, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti Singapore padà sí London ní 2019. Tim Slessor, ọ̀kan nínú àwọn tó lọ ní 1955, fẹ́ bá a rin ìrìn àjò náà. Àìlera dá a dúró, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì bọ́ sípò rẹ̀. Ẹ̀yà ọkọ̀ yí padà, àwakọ̀ yí padà, ìrìn àjò kan náà ni.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, bó bá jẹ́ pé òtítọ́ nìkan ló kù, a jẹ́ pé èèyàn lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kó sáà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Rárá o. Ìwé nìkan kò tó. A ti rí Land Rover kan rí níwájú òtẹ́ẹ̀lì, ojúlówó ni gbogbo ara rẹ̀, wọ́n kùn ún dáadáa, òdòdó sì wà níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà. Kò pààrọ̀ ohunkóhun, síbẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ mọ́. Irú ewu yìí ń bẹ nínú ẹgbẹ́ wa. Èèyàn lè ran aṣọ òkè olówó iyebíye fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún wa, kó dè é ní gèlè tó kan òrùlé, kó má sì mọ bí a ti ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ọmọ mìíràn sì wà tó ń da Hausa pọ̀ mọ́ Yorùbá nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kú nínú wa, òun ni yóò kọ́kọ́ dé pẹ̀lú omi àti àga. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn?

ÌBÉÈRÈ KẸTA: ÀJÒ Ò DÙN

Ó ku kíkùn. Akunkọ̀ ti dé, ó ti pa ọ̀dà, ó wá bi wá pé ṣé kí òun pa ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ́ kí òun tún un kọ. Ọ̀dà funfun bàbá ti ṣí, lẹ́tà D nìkan ló hàn dáadáa. Ká tó dáhùn, ọmọ wa bọ́ síwájú. Ó ní, “Dádì, kí ló kù nínú òwe yẹn?” A ní, “Àjò kò dùn kí onílé má relé.” Ó ní, “Ibí ni wọ́n bí mi sí. Ibí ni mo ti kàwé. Bí wọ́n bá ní kí onílé relé, ilé wo ni kí èmi lọ?”

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ìbéèrè yìí. Tamale ni wọ́n bí àwa sí, a kò sì rántí nǹkan kan níbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ là ń pè nílé, ọdún mẹ́ta péré la sì gbé níbẹ̀ ní kékeré. Sókótó la ti dàgbà, Sókótó la ti ṣiṣẹ́ ìjọba, erùpẹ̀ rẹ̀ ló wà nínú ìmí wa. Ẹ rántí pé orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó padà wálé ni àwọn ènìyàn wa fi ń pe ọkọ̀ àlòkù: Tòkunbọ̀. A mọ̀ látayébáyé pé nǹkan lè jẹ́ ti wa kó má sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é.

A kò fi irọ́ dá ọmọ náà lóhùn. A ní ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó mọ ọ̀nà ibẹ̀, kó mọ orúkọ àwọn tó sùn síbẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tó ti ń bọ̀ kò lè mọ ibi tó dé. A ní kì í ṣe dandan kó gbé ibẹ̀. Bí àwa bá fẹ̀yìn tì, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó gbé ọkọ̀ yìí gba Jega àti Yauri lọ sílé. Ṣùgbọ́n òun ni yóò wà á, òun náà ni yóò sì wà á padà wá sí Sókótó bó bá wù ú. A tún sọ ohun kan tí a kò sọ fún un rí: pé ẹ̀rù bàbá wa, ẹ̀rù ọjọ́ 14 yẹn, ló wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà, àti pé a kò fẹ́ kó jogún ẹ̀rù náà pẹ̀lú ọkọ̀.

A ní kí akunkọ̀ fi ọ̀rọ̀ bàbá sílẹ̀ bó ṣe wà, kó má tún un kọ, kó má sì pa á rẹ́. Kó kun àyíká rẹ̀.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tí ọkọ̀ yìí kọ́ wa kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, àtijọ́ kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo tí a lè padà sí; gbogbo ọjọ́ tí nǹkan ti rí ni àtijọ́ rẹ̀. Èkejì, pípààrọ̀ kọ́ ni ìbàjẹ́, irọ́ lórí ohun tí a pààrọ̀ ni ìbàjẹ́. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tí nǹkan wà fún ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá dúró, ojúlówó ẹ̀yà kò lè jí i dìde. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ kí àwa àgbà fi àkísà wa han àwọn ọmọ, kí a sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ya fún wọn.

Ẹ́ńjìnnì náà ti dún. Bíréèkì rẹ̀ la ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn Babbar Kasuwa ní ọjọ́ Sátidé, kó yà kí wa. Tíì á wà, sípánà náà á sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ ran wá lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ 14 mọ́. Kó jẹ́ kí àjò tù wá lára, kó jẹ́ kí ilé rójú, kí ọ̀nà àárín méjèèjì sì máa là fún wa. Àṣẹ.